Másùnmáwo, Ọpọlọ àti Ìsoríkọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni másùnmáwo gan-an?

Másùnmáwo ni ọ̀nà tí ara àti ọkàn ń gbà dáhùn nígbà tí ohun tó dojú kọ wá bá fẹ́ ju agbára wa lọ. Ìdáhùn yẹn ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe ohun tó fà á. Ó yẹ kí a di ìyàtọ̀ yìí mú, nítorí pé gbèsè kan náà lè gba oorun lójú ẹnì kan, kí ẹlòmíràn sì jẹ ẹ́ kó sùn fọnfọn. "Má sùn" ni ọ̀rọ̀ náà gan-an fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe é lọ́nà tó bá ìṣègùn mu, nítorí pé oorun wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń pàdánù nígbà tí ọ̀ràn bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Hans Selye, oníṣègùn tí wọ́n bí ní Vienna ṣùgbọ́n tó ṣiṣẹ́ ní Montreal ní orílẹ̀-èdè Kánádà, wà lára àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ń yẹ̀ wò. Ní 1936 ó tẹ àkọsílẹ̀ kúkúrú kan jáde nípa àwọn eku tó fi sínú òtútù, àwọn tó ṣe léṣe, àti àwọn tó mú kí wọ́n lo agbára kọjá ààlà. Ìyà wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n àmì kan náà ló rí lára wọn: kókó orí kíndìnrín wọn tóbi sí i, inú wọn ní egbò, ẹ̀yà tó ń bá wọn gbógun ti àrùn sì súnkì.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara nígbà tí ewu bá yọjú?

Ọ̀nà méjì ni ara ń gbà dáhùn. Ọ̀kan ń sáré, èkejì ń rọra bọ̀. Èyí tó ń sáré ni ti adrenaline. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ọpọlọ bá ti fura tí àṣẹ á fi gba ojú iṣan dé ọ̀dọ̀ àwọn kókó kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín, tí wọ́n á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, tí àyà á máa lù kìkì, tí èémí á yá, tí ẹ̀jẹ̀ á sì fi ìfun sílẹ̀ lọ sínú ẹran apá àti ti ẹsẹ̀. Walter Cannon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé ní 1915 pé ìmúrasílẹ̀ láti jà tàbí láti sá ni gbogbo èyí.

Ọ̀nà kejì ń gba inú ẹ̀jẹ̀. Apá kan nísàlẹ̀ ọpọlọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ hypothalamus á rán họ́mọ̀nù, èròjà tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ jíṣẹ́, sí pituitary, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ẹ̀wà lọ; pituitary á rán tirẹ̀ sí kókó orí kíndìnrín; ìyẹn á wá tú cortisol jáde. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́yìn tí ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀ ni cortisol máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń tú ṣúgà sílẹ̀ kí ara lè rí agbára lò, òun náà ló sì ń ní kí àwọn iṣẹ́ tó lè dúró di ọ̀la dúró ná. Cortisol yìí kan náà ló tún ń padà lọ sọ fún ọpọlọ pé ó tó. Apá ọpọlọ kan tó ń jẹ́ hippocampus àti àwọn apá mìíràn máa ń kíyè sí iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì ní kí hypothalamus dáwọ́ dúró. Ìjánu ara nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí másùnmáwo ṣe ń di ìsoríkọ́, kó má gbàgbé ìjánu yìí, nítorí pé a ó máa padà sídìí rẹ̀.

Ṣé gbogbo másùnmáwo ló burú?

Rárá. Láràárọ̀ ni cortisol máa ń gòkè nínú ara ẹni tí ara rẹ̀ le, òun sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí a lè dìde lórí ibùsùn. Àyà tó ń já díẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ máa ń jẹ́ kí a fọkàn sí iṣẹ́. Ohun tó ń ṣeni níjàǹbá ni èyí tí kò lópin, tí òní ń tì í sí ọ̀la, tí ara kò sì rí àyè padà sí ipò ìsinmi. Ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń lò fún un láti 1993 túmọ̀ sí ẹrù tí ara ń rù nítorí pé ó ń fi gbogbo ìgbà mú ara rẹ̀ bá ìpọ́njú mu. Mo fẹ́ràn àpèjúwe yẹn, nítorí pé ẹrù kì í dunni nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e. Àìsọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni ń dá ọrùn lóró.

Apá wo nínú ọpọlọ ni másùnmáwo ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń yí padà?

Ẹ jẹ́ kí a fi hippocampus bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún ọpọlọ, ọ̀kan wà lápá òsì, iṣẹ́ wọn tó hàn jù sì ni láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí di ìrántí. Ní 1968 Bruce McEwen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rockefeller ní New York ṣàwárí pé họ́mọ̀nù másùnmáwo ń wọ inú hippocampus eku, ó sì ń so mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé họ́mọ̀nù yìí kò mọ sórí ọ̀rọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀. Ó ń dé ibi tí ìrántí àti ìmọ̀lára ń gbé.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, McEwen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ há eku mọ́ ibi tóóró fún wákàtí 6 lójúmọ́ fún ọjọ́ 21, wọ́n sì wo sẹ́ẹ̀lì hippocampus wọn. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń yọ ẹ̀ka bí igi, ẹ̀ka wọ̀nyí ló sì fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù. Nínú àwọn eku tí wọ́n há mọ́, ẹ̀ka náà ti kúrú, wọn kò sì pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí pé hippocampus yìí wà lára ohun tó ń fa ìjánu. Bí ọwọ́ tó ń fa ìjánu bá ń rẹ̀, ẹṣin á máa sáré lọ, cortisol á sì túbọ̀ máa pọ̀.

Apá iwájú ọpọlọ, tó wà lẹ́yìn iwájú orí wa, náà máa ń pàdánù ẹ̀ka. Ibẹ̀ ni a ti ń pète, tí a ti ń pa èrò pọ̀, tí a sì ti ń dá ìbínú tàbí ìbẹ̀rù lẹ́kun. Ìyẹn wà lára ìdí tí ẹni tí wàhálà ti wọ̀ lára fi lè ka ojú ìwé kan nígbà mẹ́ta kó má mọ ohun tó kà. Kì í sì í ṣe eku nìkan ni wọ́n ti rí i. Ìwádìí kan tó jáde ní 2009 yẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wò lẹ́yìn tí wọ́n ti fi nǹkan bí oṣù kan múra ìdánwò tó le: ó ṣòro fún wọn láti yí ọkàn kúrò lórí ohun kan sórí òmíràn, ìsopọ̀ apá iwájú ọpọlọ wọn pẹ̀lú àwọn apá yòókù sì dín kù. Lẹ́yìn oṣù kan tí ara tù wọ́n, àyípadà náà ti kúrò.

Ti amygdala yàtọ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni olùṣọ́ tó ń fura sí ewu wà. Nígbà tí ẹ̀ka ibi yòókù ń kúrú, ti amygdala ń gùn sí i. Àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè Íńdíà tún rí ohun kan tó yẹ kí a fọkàn sí: nígbà tí wọ́n jẹ́ kí àwọn eku tí wọ́n ti kó wàhálà bá sinmi fún ọjọ́ 21, hippocampus wọn padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n amygdala wọn kò tíì padà. Wàhálà ti lọ, olùṣọ́ ṣì dìde dúró. Ẹni tó ti kúrò nínú ìpọ́njú tipẹ́ ṣùgbọ́n tí àyà rẹ̀ ṣì ń já nígbà tí ilẹ̀kùn bá dún lè rí ara rẹ̀ nínú àwárí yìí.

Ṣé másùnmáwo máa ń pa sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni?

Èyí ni ìbéèrè tó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù, ọ̀rọ̀ àsọdùn sì pọ̀ lórí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ohun tí ìwádìí ti fi hàn, sẹ́ẹ̀lì náà kò kú. Ẹ̀ka rẹ̀ ló súnkì, àwọn ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń kan èkejì ló sì dín kù. Ọpọlọ eku tún máa ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun nínú hippocampus títí ọjọ́ ogbó, másùnmáwo sì ń dín ìbí yẹn kù, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dín èròjà kan tó ń jẹ́ BDNF kù, èyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń dàgbà bí igi ṣe ń fi ajílẹ̀ dàgbà. Bóyá ọpọlọ àgbàlagbà ènìyàn ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun tó pọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí. Ní tèmi, "ìbàjẹ́" kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó yẹ jù. Ohun tí ọpọlọ ṣe ni pé ó tún ara rẹ̀ tò fún ayé tó kún fún ewu. Ó fún olùṣọ́ ní àyè, ó gbà á lọ́wọ́ aláròjinlẹ̀. Ìyà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ewu náà bá ti lọ tí ètò náà kò sì yí padà.

Báwo ni ìyípadà wọ̀nyí ṣe ń di ìsoríkọ́?

Kì í ṣe ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ kọ́kọ́ fojú inú wo ẹni tí olùṣọ́ ọpọlọ rẹ̀ ń pariwo, tí apá tó yẹ kó pàrọwà sí i sì ti rẹ̀: ohun tó ń kọ ọ́ lóminú kì í kúrò lọ́kàn, á máa yí i síwá sẹ́yìn lóru. Ẹ tún fi ti àwọn iṣan inú ọpọlọ tó ń lo dopamine kún un, àwọn tó ń jẹ́ kí ohun dídùn dùn mọ́ni tí a sì fi ń lépa rẹ̀. Másùnmáwo tó pẹ́ máa ń sọ iṣẹ́ wọn di ahẹrẹpẹ, ohun tó ń múni láyọ̀ tẹ́lẹ̀ á sì wá dà bí oúnjẹ tí kò ní iyọ̀. Ibẹ̀ ni "ìsoríkọ́" ti fi ara jọ orúkọ rẹ̀: ẹni náà sorí kọ́ nítorí pé kò sí ohun tó tún ń mú un gbójú sókè.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù wá láti ara àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní àìsàn Cushing, níbi tí kókó kan ti ń mú kí cortisol pọ̀ kọjá ààlà, tí kì í sì í ṣe ìpọ́njú ayé ló fà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní in ló ń ní ìsoríkọ́, hippocampus wọn a sì máa kéré. Bí ìtọ́jú bá mú cortisol wálẹ̀, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn á fúyẹ́, hippocampus náà á sì tún tóbi díẹ̀.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá wa bá àrùn jà náà tún ń kó sí i. Cortisol ló yẹ kó máa pẹ̀tù sí wọn, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, etí wọn á di sí i, wọ́n á sì máa tú èròjà ìwúlé sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà ti rí agbára irú èròjà bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi interferon, ọ̀kan lára irú èròjà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sọ di oògùn, tọ́jú àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C: àwọn aláìsàn tí kò soríkọ́ rí bẹ̀rẹ̀ sí í soríkọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ẹni kan tàbí méjì.

Ohun tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ agbára lórí ìṣẹ̀lẹ̀. Ní 1967 Martin Seligman àti Steven Maier ṣàkíyèsí pé ajá tó ti jìyà tí kò lè dá dúró kì í sapá láti sá mọ́, kódà nígbà tí ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀. Wọ́n ní ó ti kọ́ àìlólùrànlọ́wọ́. Ní 2016 àwọn méjèèjì fúnra wọn yí ọ̀rọ̀ náà padà: wọ́n ní jíjọwọ́ sílẹ̀ ni ohun tí ọpọlọ ń ṣe bí ìyà bá pẹ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, ohun tí a ń kọ́ ni pé a lágbára láti ṣe nǹkan sí i, apá iwájú ọpọlọ ló sì ń kọ́ ọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí onímọ̀ jáde sọ pé òun ti ṣi ọ̀rọ̀ òun sọ láti nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn, mo sì yẹ́ wọn sí fún un.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìbànújẹ́ àti ìsoríkọ́?

Ìbànújẹ́ máa ń wá, ó sì máa ń lọ. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣì lè rẹ́rìn-ín bí ọmọdé bá dá àpárá. Kí dókítà tó lè pe nǹkan ní ìsoríkọ́, ó gbọ́dọ̀ ti wà lára ẹni náà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, ní ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́, kó sì kan yálà ìbànújẹ́ ọkàn tàbí àìsí ìfẹ́ sí ohunkóhun, pẹ̀lú àwọn àmì mìíràn bí oorun tó dàrú, oúnjẹ tí kò lọ tàbí tó ń lọ jù, àárẹ̀, ìdálẹ́bi ara ẹni, àìlèpọkànpọ̀ àti èrò ikú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fojú bù ú pé ní 2019, nǹkan bí mílíọ̀nù 280 ènìyàn ló ní in, àwọn obìnrin sì pọ̀ nínú wọn ju ọkùnrin lọ.

Kí ló dé tí wàhálà kan náà fi wó ẹnì kan tí kò sì ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan?

Àjogúnbá wà níbẹ̀. Ìwádìí lára àwọn ìbejì fi hàn pé nǹkan bí ìdá 37 nínú 100 ìyàtọ̀ tó wà láàárín ènìyàn àti ènìyàn lórí ìsoríkọ́ ló tọ̀dọ̀ àbínibí wá. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ jíìnì kan ṣoṣo. Ní 2003 ariwo sọ pé wọ́n ti rí jíìnì kan tó ń sọ ẹni tí másùnmáwo yóò kó ìsoríkọ́ bá. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò dúró.

Ìgbà èwe tún wúwo ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998 fi hàn pé bí ìyà tí ènìyàn jẹ lọ́mọdé bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu ìsoríkọ́ àti àìsàn ara ń pọ̀ sí i nígbà àgbà. Ní ìlú Montreal, Michael Meaney àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2004 pé ọmọ eku tí ìyá rẹ̀ ń lá dáadáa máa ń dàgbà pẹ̀lú ìjánu tó múná nínú hippocampus rẹ̀, nítorí pé àmì kékeré kan lórí jíìnì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ kì í lá. Wọ́n gbé ọmọ fún ìyá mìíràn tọ́, àmì náà sì tẹ̀ lé ìyá tó tọ́ ọ, kì í ṣe èyí tó bí i.

Ó tún yẹ kí a ṣọ́ra kí a má fi iwájú ṣẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n wo àwọn jagunjagun Amẹ́ríkà tí ogun Vietnam ti da ọkàn wọn rú, hippocampus wọn kéré. Ṣùgbọ́n ti ìkejì wọn tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì, tí kò lọ sójú ogun rárá, kéré bákan náà. Nígbà mìíràn, ohun tí a pè ní àbájáde ti wà níbẹ̀ kí wàhálà tó dé.

Wọ́n ní àìtó serotonin, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ló ń fa ìsoríkọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Àlàyé yẹn ti kúrú jù. Oògùn tó ń mú serotonin pọ̀ sí i ń ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé àìtó rẹ̀ ló dá àìsàn náà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oògùn ẹ̀fọ́rí ṣe ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé àìtó oògùn ló fa ẹ̀fọ́rí. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́ lórí serotonin, síbẹ̀ ara kì í sábà fúyẹ́ títí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ fi kọjá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìgbà náà ni sẹ́ẹ̀lì ń fi yọ ẹ̀ka padà.

Ṣé ọpọlọ lè padà bọ̀ sípò, kí sì ni ènìyàn lè ṣe?

Ó lè padà, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń yára padà. Ìtọ́jú onífọ̀rọ̀wérọ̀, níbi tí onímọ̀ ti ń kọ́ ènìyàn láti yẹ èrò ara rẹ̀ wò kó sì máa padà sẹ́nu iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀rí tó lágbára. Oògùn náà ní ẹ̀rí, pàápàá fún ìsoríkọ́ tó le, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà tó kọ ọ́. Eré ìdárayá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyànjú lásán: nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2011, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fi ọdún kan máa rìn kánkán nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní hippocampus tó fi nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 tóbi sí i, nígbà tí tàwọn tó ń na ara lásán dín kù. Oorun tó ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń parí lákòókò kan náà ń ran ìjánu cortisol lọ́wọ́. Ọtí ńkọ́? Ó ń pẹ̀tù sí olùṣọ́ fún wákàtí díẹ̀, á sì da oorun rú. Lọ́jọ́ kejì, ẹrù yóò tún wúwo sí i. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ohun tí mo fi ń ta ko ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà níta ni pé wọ́n máa ń ní kí ènìyàn fara dà á, láìbéèrè bóyá ohun tó ń dà á láàmú ṣeé yí padà. Bí iṣẹ́ tàbí ìgbéyàwó kan bá ń fi ojoojúmọ́ dẹ́rù bani, mímí símú mímí sẹ́nu kò lè rọ́pò kíkúrò níbẹ̀ tàbí àtúnṣe rẹ̀.

Nígbà wo ni kò yẹ kí a dúró mọ́?

Bí èrò pípa ara ẹni bá ti ń wá, bí ẹni náà bá ń sọ pé òun ti di ẹrù fún àwọn ènìyàn, tàbí tó ń pín ohun ìní rẹ̀ tó ń dágbére láìnídìí, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì tó wà lágbègbè yín. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ sì kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí. Bíbi í léèrè tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀ kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ara máa ń tù ú pé ẹnì kan béèrè.

Báwo ni mo ṣe lè ran ẹni mi tó ní ìsoríkọ́ lọ́wọ́?

Ẹ má sọ fún un pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, tàbí pé àwọn tí tiwọn le ju tirẹ̀ lọ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó ti sọ ìyẹn fún ara rẹ̀ ju bí ẹ ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í ní ohun tó rọrùn láti dáhùn: ṣé ó ti jẹun, ṣé ó rí oorun sùn lánàá, ṣé kí ẹ jọ rìn dé iwájú ilé. Bó bá gbà láti lọ rí dókítà, ẹ bá a kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú ìwé kí ẹ tó gbéra, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, oògùn tó ń lò, bí oorun rẹ̀ ṣe rí, nítorí pé másùnmáwo máa ń fọwọ́ ba ìrántí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti jókòó síwájú dókítà tí wọ́n sọ pé kò sí nǹkan kan, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n kàn gbàgbé ibi tí wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀.